Òkúta, Aró àti Bẹ́líìtì: Ìdènà Jàǹbá Níbi Iṣẹ́ ní Ilẹ̀ Ẹ̀gbá

Oríṣiríṣi ni jàǹbá ibi iṣẹ́ ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ní àwọn kúárì tó yí Abẹ́òkúta ká, òkúta ló ń fò, eruku ló ń wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ní Ewékorò, níbi tí wọ́n ti ń ṣe sìmẹ́ńtì láti ọdún 1960, iléru gbígbóná àti ẹ̀rọ tí kì í sinmi ni ewu ibẹ̀. Ní agboolé àwọn aláró ní Ìtòkú àti Kémta, kọ́sítíìkì sódà ni. Nídìí ẹ̀rọ ìrin ẹ̀gẹ́ ní àwọn abúlé Ọ̀dẹ̀dá àti Ọbáfẹ́mi-Owódé, bẹ́líìtì tó ń fa ìró àti ìborùn ni. Ibi yòówù kí èèyàn ti farapa, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń tẹ̀ lé e: àwọn kan á ní kò fara balẹ̀, àwọn kan á ní ọwọ́ ayé ni, àwọn mìíràn á ní Ògún ló bínú. Ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń parí ẹjọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ohun tó yẹ ní bíbéèrè ni bí wọ́n ṣe to iṣẹ́ náà, ohun tó wà láàárín èèyàn àti nǹkan tó lè pa á lára, àti ẹni tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ètò kan wà tí àwọn onímọ̀ ààbò kárí ayé fẹnu kò lé lórí. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n mú ewu náà kúrò pátápátá. Bí kò bá ṣeé ṣe, kí wọ́n fi ohun tí kò le tó o rọ́pò rẹ̀. Bí èyí náà kò bá ṣeé ṣe, kí wọ́n sé e mọ́: kí wọ́n fi irin bo bẹ́líìtì, kí wọ́n fi omi pa eruku. Òfin, ìkìlọ̀ àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ló tẹ̀ lé e. Ìbọ̀wọ́, akoto àti ìbòmú ló kẹ́yìn, torí pé wọn kò dín ewu kù rárá. Ara ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń bò, nígbà tí ẹni náà bá sì rántí wọ̀ wọ́n. Ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́ ló ń gbé ètò yìí dorí kodò. Ọ̀gá á ra akoto fún gbogbo òṣìṣẹ́, wọ́n á ya fọ́tò, ẹ̀rọ tó wà ní ìhòòhò á sì wà ní ìhòòhò rẹ̀. Akoto kì í gba ọwọ́ sílẹ̀ lẹ́nu bẹ́líìtì.

Òkúta ló yẹ kó ṣáájú. Irú àpáta tí àwọn Ẹ̀gbá sá sábẹ́ rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1830 náà ni wọ́n ń fọ́ ní ìgbèríko ìlú lónìí, tí típà ń kó lọ fún títì àti ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Inú àpáta náà ni èròjà tí wọ́n ń pè ní sílíkà wà. Bí ẹ̀rọ bá lu ihò sí i tàbí tí ó lọ̀ ọ́, sílíkà á bá eruku jáde. Eruku tó nípọn, tó ń kun irun àti ìpéǹpéjú ní funfun, kọ́ ló burú jù. Imú ń mú un, ikọ́ sì ń tì í jáde. Èyí tí ojú kò rí ló ń lọ tààrà sí ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró. Ibẹ̀ ló ti ń dá egbò sílẹ̀, egbò á jinná, á di àpá, ẹ̀dọ̀fóró tó kún fún àpá kò sì lè fẹ̀ dáadáa mọ́. Sílíkósíìsì ni wọ́n ń pe àìsàn náà. Ó sábà máa ń gba ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó hàn, kò sí oògùn tó ń wò ó, ó sì ń jẹ́ kí ikọ́ ẹ̀gbẹ tètè ráyè wọlé. Ẹni tó ti fi kúárì sílẹ̀ lọ dáko, tó wá ń mí gúlegúle lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ta ni yóò rántí eruku? Ní ọdún 1995 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Àjọ Òṣìṣẹ́ Lágbàáyé jọ pinnu pé kí àìsàn yìí di ohun ìgbàgbé ní ọdún 2030. Ọdún náà kò jìnnà mọ́, eruku ṣì ń fò.

Omi ló ń pa á. Ẹ̀rọ ìluhò tí omi ń gba àárín rẹ̀ kọjá kì í fi bẹ́ẹ̀ rú eruku, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ ìfọ́kúta tí wọ́n bá so ẹ̀rọ ìfọ́nmi mọ́ lẹ́nu. Aṣọ ìnujú tí àwọn òṣìṣẹ́ ń dì mọ́ imú kò dá eruku tó kéré yẹn dúró. Ìbòmú tó lẹ̀ mọ́ ojú dáadáa, tí wọ́n ṣe fún eruku kíkúnná, ló lè ṣe é. Kí òṣìṣẹ́ tó padà sílé, ó yẹ kó wẹ̀ kó sì pààrọ̀ aṣọ, kí ó má baà gbé eruku kúárì lọ bá ọmọ lórí ibùsùn. Àwọn obìnrin tó ń fi òòlù fọ́ òkúta lẹ́bàá títì kò ní ọ̀gá tí yóò ra ẹ̀rọ omi fún wọn, ṣùgbọ́n kẹ́ẹ̀gì omi kan tí wọ́n bá ń wọ́n sórí òkítì òkúta, ìjókòó tó kọ ẹ̀yìn sí atẹ́gùn, àti awò ojú tó nípọn yóò dín púpọ̀ kù nínú ohun tó ń bà wọ́n. Ọmọ ọwọ́ kò gbọ́dọ̀ sùn nítòsí wọn.

Ẹ̀tù tí wọ́n fi ń fọ́ àpáta ní òfin tirẹ̀. Kí wọ́n tó yìn ín, fèrè ìkìlọ̀ gbọ́dọ̀ dún, àsíá pupa gbọ́dọ̀ wà lójú gbogbo ọ̀nà tó wọ ibẹ̀, kí ẹnì kan sì ka àwọn èèyàn tán kó tó fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn tó bá bú, wọ́n á dúró kí èéfín tán, ẹni tó mọ iṣẹ́ náà nìkan á sì wọlé lọ wo ihò kọ̀ọ̀kan. Ihò tí ẹ̀tù inú rẹ̀ kò bú ló burú jù lọ, nítorí pé ẹni tó bá fi irin gbá a lọ́jọ́ kejì ni yóò bú lójú rẹ̀.

Ariwo kò ní egbò, nítorí náà kò sí ẹni tó ń kà á sí jàǹbá. Òṣùwọ̀n tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lò ni pé ariwo tó bá tó dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 85 fún wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́ ti ń jẹ etí. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ tó ń wọn ariwo lè fi ẹnu wọ̀n ọ́n: bí ẹni méjì tí wọ́n lè na ọwọ́ kan ara wọn bá gbọ́dọ̀ pariwo kí wọ́n tó gbọ́ra, ariwo ibẹ̀ ti pọ̀ jù. Etí tó bá fi bẹ́ẹ̀ bàjẹ́ kì í padà sípò.

Ewu ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì yàtọ̀ sí ti kúárì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkúta ni ìyá àwọn méjèèjì. Ọdún 1959 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ West African Portland Cement sílẹ̀, iléru Ewékorò sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Òkúta ẹfun ni wọ́n ń wà níbẹ̀. Wọ́n á fọ́ ọ, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sì yan án nínú iléru tó ń yí bírí, tí ooru inú rẹ̀ ń tó 1,450 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Níbi iṣẹ́ tó gùn tó báyìí, ẹ̀rọ tó dúró léwu bí èyí tó ń ṣiṣẹ́. Bí nǹkan bá há sínú ẹ̀rọ ìlọ̀, wọ́n á pa á, ẹnì kan á sì wọ inú rẹ̀ lọ. Ẹlòmíràn tó wà nídìí bọ́tìnnì ní yàrá mìíràn lè má mọ̀ pé èèyàn wà níbẹ̀. Nítorí èyí ni òfin àgádágodo ṣe wà ní gbogbo ilé iṣẹ́ tó mọ ohun tó ń ṣe. Ẹni tó fẹ́ wọlé á fi àgádágodo tirẹ̀ ti ibi tí iná ti ń wọ ẹ̀rọ, á so káàdì tó ní orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn, á sì fi kọ́kọ́rọ́ sí àpò ara rẹ̀. Bí ẹni mẹ́ta bá wọlé, àgádágodo mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ọ̀gá, bó ti wù kó ga tó, kò láṣẹ láti já a. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á gbìyànjú láti tan ẹ̀rọ náà kí wọ́n lè rí i pé kò tàn lóòótọ́, wọ́n á sì wò ó bóyá ẹrù tó wà lórí bẹ́líìtì tàbí afẹ́fẹ́ tó há sínú páìpù ṣì lè gbé nǹkan kan lọ.

Ó rọrùn láti rò pé ilé iṣẹ́ ńlá nìkan ni irú òfin yìí wà fún. Ilé ìlọta àti sọ́míìlì gan-an ló nílò rẹ̀ jù, nítorí iná NEPA, bí gbogbo èèyàn ṣì ṣe ń pè é. Iná á lọ, ẹ̀rọ á dúró, ọmọ iṣẹ́ á rò pé àyè ti gbà òun láti fi ọwọ́ kó ohun tó há. Iná kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Nígbàkigbà tí iná bá lọ, kí wọ́n kọ́kọ́ já ẹ̀rọ kúrò lára iná. Súìsì kan tilẹ̀ wà tí kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ dá ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí iná bá padà dé, àyàfi tí èèyàn bá tún un tẹ̀. Rírà á kò tó ohun tí wọ́n á ná sórí ìka kan ní ọsibítù.

Sìmẹ́ńtì tútù náà ń jóni, ọ̀pọ̀ bíríkìlà kò sì mọ̀. Bí omi bá kàn án, ó ń di ohun tó ń jẹ awọ ara bí kọ́sítíìkì. Ẹni tó kúnlẹ̀ sínú kọnkéré, tí omi rẹ̀ sì gba inú bàtà tàbí ṣòkòtò wọlé, kì í sábà mọ̀ ọ́n lára títí dìrọ̀lẹ́. Nígbà tó bá máa fi bọ́ aṣọ, awọ orúnkún ti jó wọnú. Bàtà rénbúùtù tó ga, ìbọ̀wọ́ tí omi kì í gbà kọjá, àti omi púpọ̀ tí wọ́n fi fọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀ ni àtúnṣe rẹ̀.

Inú ihò, táńkì àti kànga ni ikú ti ń mú ẹni méjì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀rọ ìfàmi tí wọ́n bá gbé sínú kànga, tó ń lo epo bẹntiróòlù, ń da gáàsì olóró tí kò ní òórùn sí ìsàlẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ á wọlé, á ṣubú. Èkejì á sáré wọlé láti gbà á, á ṣubú lé e. Ìyọ́nú ló pa ẹnì kejì. Ohun tó tọ́ ni kí ẹ̀rọ wà lókè, kí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀, kí ẹni tó ń wọlé so okùn mọ́ra, kí ẹni tó wà lókè sì lè fà á jáde láìwọlé.

Aró àdìrẹ ni iṣẹ́ tí Abẹ́òkúta fi ń yangàn jù, inú rẹ̀ sì ni ìtàn tó fi ojú tí ìlú fi ń wo òṣìṣẹ́ hàn kedere. Láyé àtijọ́, ewé èlú àti omi tí wọ́n sẹ́ láti inú eérú ni wọ́n fi ń rẹ aṣọ. Nígbà tí kọ́sítíìkì sódà àti aró òyìnbó dé ọjà, iṣẹ́ yá sí i, àwọn obìnrin tó ń ṣe é sì pọ̀ sí i. Kò pẹ́ tí àròyé fi dé pé aṣọ ń tètè gbó, pé aró rẹ̀ ń ṣí. Láàárín ọdún 1930 sí 1939, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì gbẹ́sẹ̀ lé lílo kọ́sítíìkì àti aró òyìnbó. Àwọn aláró fárígá, ọ̀rọ̀ náà sì di ohun tí wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ fún ní 1936. Aṣọ ni gbogbo rẹ̀ dá lé, pé ó dára tàbí kò dára. Ọwọ́ àwọn tó ń rẹ ẹ́ kọ́ ni wọ́n tìtorí rẹ̀ gbẹ́sẹ̀ lé e. Kọ́sítíìkì borí, ó sì wà lágboolé títí di òní.

Ẹni tó bá mọ ìwà rẹ̀ lè lò ó láìfarapa. Inú omi tútù ni wọ́n ń da kọ́sítíìkì sí, díẹ̀díẹ̀. Wọn kì í da omi lé kọ́sítíìkì lórí, torí ooru rẹ̀ á mú un hó, á sì ta sí ojú. Inú ike tàbí ìkòkò amọ̀ ló yẹ kó wà. Ìkòkò àlùmíníọ̀mù kò dára, nítorí pé kọ́sítíìkì ń jẹ ẹ́, gáàsì tó ń ti ibẹ̀ jáde sì lè gbiná. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà gígùn tó dé ìgbọ̀nwọ́ àti awò ojú jẹ́ dandan, kì í ṣe lọ́jọ́ tí àlejò bá ń bọ̀ nìkan. Bí ó bá ta síni lójú, omi mímọ́ tó ń ṣàn ni kí wọ́n fi fọ̀ ọ́ fún ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán kí wọ́n tó gbé e lọ sí ọsibítù; òróǹbó wẹ́wẹ́ tàbí epo pupa kò gbọ́dọ̀ kàn án. Ìyẹ̀fun funfun kejì tí àwọn aláró ń lò, tí wọ́n ń pè ní haidro, kò fẹ́ ọ̀rinrin rárá: bí omi díẹ̀ bá kàn án nínú àpò, ó lè gbóná fúnra rẹ̀ títí yóò fi jó, èéfín rẹ̀ sì ń dí ọ̀nà ọ̀fun. Ìda tí wọ́n fi ń ya àwòrán sí aṣọ náà kò yẹ kó jókòó sórí iná tààrà. Inú ìkòkò kékeré tó wà nínú omi gbígbóná ni kó ti yọ́. Bí ó bá gbiná, ọmọrí ni wọ́n fi ń dé e, wọn kì í da omi sí i.

Jàǹbá tó burú jù nínú iṣẹ́ yìí kì í tilẹ̀ ṣe ti òṣìṣẹ́. Kọ́sítíìkì tí wọ́n ti pò, tí wọ́n bù sínú ike omi, ni ọmọdé ń gbé mu. Ó ń jó ọ̀nà ọ̀fun débi tí oúnjẹ kò fi ní lè kọjá, àwọn dókítà ní Nàìjíríà sì ti ń tọ́jú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Kò sí ìdí kankan tí kọ́sítíìkì fi gbọ́dọ̀ wọ inú ohun tí èèyàn fi ń mu omi.

Nídìí ẹ̀rọ ìrin ẹ̀gẹ́, nǹkan méjì ló ń ṣeni. Ọwọ́ tó ń ti ẹ̀gẹ́ sẹ́nu ẹ̀rọ ni èkíní. Igi ìtì tó gùn àti ẹnu ẹ̀rọ tó ga ju apá lọ ni wọ́n fi ń dènà rẹ̀. Èkejì ni aṣọ. Ìró tó tú, ìborùn, irun dídì gígùn, bẹ́líìtì ń fà wọ́n ju bí èèyàn ṣe lè yára lọ. Alágbẹ̀dẹ àdúgbò lè fi páànù àti irin ṣe àpótí bo bẹ́líìtì láàárín ọjọ́ kan. Níbi tí wọ́n ti ń yan gàrí, èéfín igi àti gáàsì tó ń jáde lára ẹ̀gẹ́ ló ń ba ojú àti àyà jẹ́, ààrò tó ní ihò èéfín tó ga ju òrùlé lọ sì ń gbé e kúrò.

Iná ilé iṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jẹ́ ìtàn ilẹ̀kùn. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ọdún 1911, òṣìṣẹ́ 146 kú nílé iṣẹ́ aṣọ Triangle ní New York nítorí pé wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ó lé ní àádọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002, iná jó ilé iṣẹ́ rọ́bà kan ní Odógunyàn, Ìkòròdú, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ sì kú sínú rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn títì. Ìdí tí wọ́n fi ń ti irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ kò fara sin: wọ́n ń bẹ̀rù pé òṣìṣẹ́ á jí ẹrù gbé. Òfin Ilé Iṣẹ́ ti Nàìjíríà ti sọ ọ́ kedere pé níwọ̀n ìgbà tí èèyàn bá wà nínú ilé iṣẹ́, ilẹ̀kùn kò gbọ́dọ̀ wà ní títì lọ́nà tí ẹni tó wà nínú kò fi ní lè tètè ṣí i. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù olè lè fi ẹ̀ṣọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Ohun ìpaná tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, tó kàn so mọ́ ògiri bí kàlẹ́ńdà, kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Kí jàǹbá ńlá tó ṣẹlẹ̀, kékeré ti máa ń ṣẹlẹ̀ ṣáájú. Òkúta já bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnì kan, bẹ́líìtì fa etí aṣọ ẹlòmíràn ya. Wọ́n á ní orí ló yọ ọ́, wọ́n á rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ á sì tẹ̀ síwájú. Ìwé kan tó wà nílé iṣẹ́, tí wọ́n ń kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí láìdárúkọ ẹlẹ́ṣẹ̀, yóò fi hàn láàárín oṣù mélòó kan ẹ̀rọ tó fẹ́ pani. Níbi tí wọ́n bá ti ń gé owó ẹni tó sọ pé òun fẹ́ farapa, kò sí ẹni tí yóò sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n ń fi iye ẹrù san owó rẹ̀ náà ń ti èèyàn síwájú ju bó ṣe yẹ lọ, pàápàá ọmọ iṣẹ́ tuntun tí kò tíì mọ ibi tí ewu wà. Ìkìlọ̀ tí wọ́n kọ sí ara ògiri ní èdè Òyìnbó nìkan kò kìlọ̀ fún ẹni tí kò lè kà á. Yorùbá ló yẹ kó ṣáájú ní kúárì Ọ̀dẹ̀dá, àwòrán sì ni kó tẹ̀ lé e.

Ọdún 1987 ni wọ́n ṣe Òfin Ilé Iṣẹ́ tó wà lójú iṣẹ́ báyìí. Ó pàṣẹ pé kí wọ́n forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n sé gbogbo ibi eléwu lára ẹ̀rọ mọ́, kí àpótí ìtọ́jú pàjáwìrì wà nítòsí, ó sì fún àwọn alábòójútó ìjọba láṣẹ láti wọlé wò ó. Ní 1994, Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn 155 ti Àjọ Òṣìṣẹ́ Lágbàáyé lórí ààbò òṣìṣẹ́. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2022, àjọ náà fi ààbò níbi iṣẹ́ kún ẹ̀tọ́ ìpìlẹ̀ gbogbo òṣìṣẹ́. Òfin pọ̀, alábòójútó kò pọ̀, agboolé aláró àti ọgbà ìrin ẹ̀gẹ́ ni wọ́n sì ń dé kẹ́yìn.

Ohun tó yẹ kí òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ mọ̀ jù ni Òfin Owó Gbà-má-bínú fún Òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010. Agbanisíṣẹ́ ló ń dá owó náà, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀, sínú àpò tí àjọ NSITF ń bójú tó. Kò gbọ́dọ̀ yọ ọ́ lára owó oṣù ẹnikẹ́ni. Òṣìṣẹ́ tó farapa gbọ́dọ̀ fi tó ọ̀gá rẹ̀ létí láàárín ọjọ́ 14. Ọ̀gá ní ọjọ́ 7 láti fi tó àjọ náà létí. Ìwé tí wọ́n fi ń béèrè owó gbọ́dọ̀ wọlé láàárín ọdún kan. Bí òṣìṣẹ́ bá kú, àwọn tó ń gbọ́ bùkátà wọn ló ni owó náà. Àìsàn tí iṣẹ́ fà náà wà nínú òfin yìí, títí kan etí tí ariwo bàjẹ́, ṣùgbọ́n àìsàn kì í ní ẹlẹ́rìí bí ìka tó gé. Nítorí náà ni káàdì ìdánimọ̀ àti ìwé owó oṣù ṣe yẹ ní títọ́jú lẹ́yìn tí èèyàn bá ti fi kúárì sílẹ̀, pẹ̀lú fọ́tò àyà tí wọ́n yà nígbà tó kọ́kọ́ wọṣẹ́, torí pé òun ni dókítà yóò fi wé tuntun.